Kí Ẹ Tó Ra Màlúù sí Ráńṣì, Ẹ Bèèrè Ẹni Tó Máa Gbé Ibẹ̀

  

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń dé ọ̀dọ̀ wa lemọ́lemọ́, pàápàá tí Iléyá bá ti kọjá tí owó àgbò ṣì ń dun èèyàn nínú. Ẹnì kan á ní òun àtàwọn àbúrò òun fẹ́ dáwó jọ, kí wọ́n ra màlúù 10 sí ráńṣì ní Ẹ̀pẹ́. Ẹlòmíì á ní Ìkòròdú lòun fẹ́, ẹlòmíì á ní ọ̀nà Ìsẹ́yìn. Ohun tí wọ́n ń béèrè kì í yàtọ̀ síra: èló ni wáyà ẹlẹ́gùn-ún, èló ni màlúù kan, ọdún mélòó lowó á fi padà? Ìbéèrè gidi ni, a ò sọ pé kò dáa. Ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n ká rí ẹni tó máa béèrè pé, ta ló máa sùn síbẹ̀ lálẹ́? Ìyàwó onítọ̀hún ńkọ́? Omi wo lọmọ rẹ̀ á máa mu? Iléèwé wo ló máa lọ?

Tiwa ni pé ibẹ̀ yẹn gan-an ni ráńṣì ti ń dúró, ibẹ̀ náà ló ti ń wó. Èyí tí ẹ bá rí tó ń ṣe dáadáa, ìdílé kan ló ń gbé inú ẹ̀ tí ara tù. Èyí tó bá tú ká láàárín ọdún méjì, ẹ lọ wádìí ẹ̀ dáadáa, ọ̀pọ̀ ìgbà lẹ máa gbọ́ pé kí màlúù tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù, ìyàwó ti kó ẹrù ẹ̀ lọ sílé ìyá ẹ̀.

Kò sẹ́ni tó lè sọ pé ará Ìsàlẹ̀ Èkó ò mọ̀ nípa ẹran sísìn. Erékùṣù yìí fúnra ẹ̀, oko wà lórí ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìgà Ìdúngànrán tó jẹ́ ààfin Ọba Èkó dòní, orí oko ata Arómirẹ́ ni wọ́n kọ́ ọ sí, oko ata yẹn náà sì ni orúkọ ọ̀hún ń sọ. Ẹran ńkọ́? Ẹ wọ àgbàlá mẹ́ta péré ní Ìsàlẹ̀ Gángan tàbí lẹ́yìn Adéníji Adélé, ká mọ̀ bóyá ẹ ò ní rí àgbò kan tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn. Àgbò náà lórúkọ. Gbogbo ilé ló mọ orúkọ ẹ̀, kódà ayálégbé tí kò fẹ́ràn òórùn ẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń sìn ín. Ọmọ tó bá tiléèwé dé, kó tó bọ́ yunifọ́ọ̀mù, wọ́n á ní kó sáré lọ sọ́dọ̀ ìyá onídòdò lọ gba èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá. Èèpo iṣu á ti ilé olóúnjẹ wá, èèpo ẹ̀wà á ti ọjà wá. Bọ̀ọ̀dá tó ń sin àgbò ìjà á fọwọ́ pa á lára láàárọ̀, á fọ ìwo ẹ̀, á mú un rìn lọ rìn bọ̀ ládùúgbò bí ẹni mú ìyàwó tuntun jáde. Ìyá àgbà tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa ṣọ́ ọ̀rá, torí ó mọ̀ pé tí àgbò bá gbé ọ̀rá mì, kì í sábà jáde. Á ká sínú ikùn ẹ̀, ikùn á wú, ẹran á kọ oúnjẹ, ó di ká wá alápatà. Ìyá yìí kan náà ló máa kọ́kọ́ sọ pé, "Ẹ gbọ́ o, àgbò yìí ò jẹ àpọ̀jẹ láti àná." Ìyá ò kẹ́kọ̀ọ́ dókítà ẹran o. Òun àti ẹran ni wọ́n jọ ń gbé.

Ojú tó wà lára ẹran yẹn pọ̀: ojú ọmọdé, ojú àgbà, ojú ayálégbé. Ìdí nìyẹn tí ẹran fi ń ṣe dáadáa láàárín símẹ́ǹtì tí kò sí ewé kan. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà síbẹ̀ nígbà tá a bá dé oko.

Àgbàlá yìí náà ló ń lọ. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri wọ Èkó ní 1924, tó sì ń jà fún ọdún mélòó kan, ìjọba amúnisìn dá ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní LEDB sílẹ̀ ní 1928, pé kí wọ́n tún ìlú ṣe. Ilé wó. Láti 1955 wọ́n tún wó àárín Èkó, wọ́n kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí Súrùlérè. Èyí tó kù fún wa lónìí, oníṣòwò ti ń sọ ọ́ di ilé ìkẹ́rùsí. Àgbàlá tó gba àgbò mẹ́fà láyé bàbá, páálí aṣọ ló kún ibẹ̀ báyìí, àwọn ọmọ onílé sì ń gba owó yàrá. A ò bá ẹnikẹ́ni jà. Owó yàrá ò kú bí àgbò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣì fẹ́ sin ẹran, ó di dandan kó kọjá Afárá Kántà.

Òfin náà tún wá. Oṣù Karùn-ún 2021 làwọn gómìnà gúúsù pàdé ní Asaba, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí wọ́n máa da màlúù kiri nílẹ̀ àwọn mọ́. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, Gómìnà Sanwo-Olu buwọ́ lu ti Ìpínlẹ̀ Èkó. Lóṣù Keje 2024, ìjọba àpapọ̀ dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ tó jẹ́ ti ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn nìkan. Látìgbà náà, ráńṣì ti di ọ̀rọ̀ ẹnu. Kódà níbi ìsọmọlórúkọ, ẹ máa gbọ́ ọ.

Kì í ṣe nǹkan tuntun o. Ráńṣì ti wà ní Fáṣọlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀yọ́, ó ti wà ní Akúnnú, Ìkún-Èkìtì náà ní tiẹ̀. Obudu lórúkọ jù gbogbo wọn lọ, àwọn òyìnbó láti Scotland ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1951. Ẹ dárúkọ Obudu lónìí, ilé ìtura àti ọkọ̀ orí wáyà lèèyàn máa rántí. Ẹni tó ń lọ gbafẹ́ ló pọ̀ níbẹ̀ ju màlúù lọ.

Ibi tí màlúù ti pẹ́ tó sì ń bí sí i nílẹ̀ Yorùbá, gáà ni. Ẹ lọ sọ́nà Ìsẹ́yìn, ẹ lọ sí Ṣakí, Ìgànná, Ìgbòho. Àwọn bàbá wa tó lówó nígbà náà, tí wọ́n bá ra màlúù, wọn kì í dá a sìn fúnra wọn. Fúlàní tó wà ní gáà ni wọ́n ń kó o fún. Àdéhùn yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú, ṣùgbọ́n ohun kan sábà máa ń wà nínú ẹ̀: ẹni tó ra màlúù ló ni màlúù àti ọmọ tó bá bí, ẹni tó ń sìn ín ló ni mílíìkì.

Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Mílíìkì ni owó ojoojúmọ́. Olówó wà nílùú, ó lè má débẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, síbẹ̀ ẹni tó ń sin ẹran fún un ń rí nǹkan jẹ láàárọ̀ ọ̀la. Mílíìkì yẹn kò sì dúró lọ́wọ́ ọkùnrin. Kílẹ̀ tó mọ́, wọ́n á ti so àwọn ọmọ màlúù sọ́tọ̀, kí wọ́n má baà mu ún tán mọ́jú. Wọ́n á mú ọmọ kan wá, á mu díẹ̀ kí wàrà ìyá ẹ̀ lè sọ̀, wọ́n á so ó sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á fún tiwọn. Láti ibẹ̀ ó di tìyàwó. Òun ló máa gbé e kaná, òun ló máa gún ewé bòmúbòmú, tó máa fún omi ẹ̀ sínú mílíìkì kó lè dì. Òun ló máa kó o sínú agbọ̀n kéékèèké kí omi ẹ̀ ró, tó máa gbé igbá rù wọ ìlú. Wàrà tá à ń rà lójú ọ̀nà, tá à ń dín, tá à ń fi sọ́bẹ̀, ibẹ̀ ló ti wá. Nílé púpọ̀, owó wàrà, owó obìnrin ni. Iyọ̀, ata, èlùbọ́, ọṣẹ, oògùn ibà ọmọ, inú ẹ̀ ló ń jáde.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Màlúù funfun tá a mọ̀ sí White Fulani, tí ọmọ ẹ̀ bá ti mu tán, lítà kan sí méjì lójúmọ́ lèèyàn sábà máa ń rí lára ẹ̀. Ẹ sọ pé ẹ ní abo 10. Kì í ṣe gbogbo wọn ló máa ní wàrà lọ́yàn lẹ́ẹ̀kan náà, torí nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án ni màlúù fi ń lóyún, òmíràn á sì máa sinmi. Ká ní mẹ́rin ló ń fún wa. Lítà 4 sí 8 nìyẹn. Bí lítà 5 ló sì ń di kílò wàrà kan. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Òkè-Àrìn àti Jànkárà, ẹ sọ fún wa, kí ni kílò wàrà kan á ṣe fún yín? Epo ọkọ̀ tí ẹ máa sun láti orí afárá dé Ẹ̀pẹ́ ju owó ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n fún obìnrin tó wà nínú ráńṣì yẹn, ìkòkò ọbẹ̀ ni.

Síbẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ olówó Èkó máa sọ tí wọ́n bá ti ra ráńṣì ni pé, "Mílíìkì náà tèmi ni o, èmi ni mo ra màlúù." Òótọ́ ni, ẹ̀yin lẹ rà á. Wọ́n á wá fún ọkùnrin yẹn lówó oṣù tí kò tó nǹkan, wọ́n á gba igbá lọ́wọ́ ìyàwó ẹ̀. Kí ló máa ṣẹlẹ̀? Ebi á wọlé. Ẹni tí ebi ń pa, tí àwọn ọmọ ń sunkún lẹ́yìn ẹ̀, kò ní jí màlúù yín gbé o, ẹ má fòyà. Ohun tó máa ṣe kéré jùyẹn lọ. Á fún mílíìkì kí ọmọ màlúù tó mu yó. Ẹ̀yin ò ní mọ̀. Mílíìkì tí wọ́n kó fún yín pé bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ máa rí i pé àwọn ọmọ màlúù ru, irun wọn dúró ṣánṣán, ìgbẹ́ gbuuru mú wọn. Ẹ máa pe dókítà ẹran, dókítà á gún abẹ́rẹ́, á kọ oògùn aràn, ẹ máa sanwó. Kò sí abẹ́rẹ́ tó ń wo ebi. Inú ilé ìdáná ni àìsàn màlúù yín ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ará Pópó Àgùdà, ẹ̀yin ará Campos, ẹ̀yin ló yẹ kí ẹ bá wa sọ ìyókù. Eré Meboi tí àwọn baba ńlá yín kó bọ̀ láti Brazil, tí wọ́n ń gbé màlúù tí wọ́n fi aṣọ dá jó, ṣé ẹ mọ̀ pé ìtàn ráńṣì ló wà nídìí ẹ̀? Bumba-meu-boi ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni pé òṣìṣẹ́ kan wà nínú oko màlúù olówó, Francisco lorúkọ ẹ̀. Catirina ìyàwó ẹ̀ lóyún, ahọ́n màlúù ló ń wù ú jẹ, kì í sì í ṣe màlúù lásán, èyí tí olóko fẹ́ràn jù ni. Ọkọ ò lè sọ pé rárá fún aláboyún, ó pa màlúù náà. Olóko bínú, wọ́n mú Francisco, wọ́n wá àwọn oníṣègùn kiri títí màlúù fi jí dìde, gbogbo èèyàn wá ń jó.

Eré lásán ni lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ọmọdé á sì máa sá fún màlúù aṣọ yẹn. Àwa ń wò ó lọ́nà mìíràn. Àwọn tó ń ṣe é ní Brazil láyé ẹrú mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Obìnrin kan lóyún láàárín ọ̀pọ̀ màlúù, ìyẹn ò sì sọ pé ó ń jẹ ẹran. Olóko mọ màlúù tó fẹ́ràn jù, ó ń pe màlúù lórúkọ. Ṣé ó mọ̀ pé Catirina lóyún? Ẹ̀yin tí ẹ ní ráńṣì, ẹ bi ara yín léèrè. Ẹ mọ iye màlúù yín, ẹ mọ èyí tó lóyún àti oṣù tó máa bí. Oṣù mélòó ni ìyàwó ẹni tó ń sìn wọ́n wà? Nínú eré nìkan sì ni màlúù tó kú ti ń jí.

Àwọn kan máa ń dá wa lóhùn pé, "Fúlàní ni wọ́n, ó ti mọ́ wọn lára, inú igbó ni wọ́n ń gbé." A ò fara mọ́ ọ̀rọ̀ yìí rárá. Ẹni tó ń da màlúù kiri, tí ibì kan bá sú u, á kó lọ síbòmíràn tí omi àti koríko wà. Ẹ̀yin lẹ ní kó má rìn mọ́. Ẹ fi wáyà yí i ká. Omi tó ń lọ wá tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa pèsè ẹ̀ báyìí. Ọjà tí ìyàwó ẹ̀ ń fẹsẹ̀ rìn dé, ẹ̀yin lẹ máa ro bó ṣe máa débẹ̀. Àti pé ta ló ní Fúlàní nìkan ló lè gbé ráńṣì? Ọmọ Yorùbá tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹran ọ̀sìn pọ̀ nílẹ̀ tí wọn ò ríṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá mú un lọ síbẹ̀, tẹ́ ẹ fi ahéré oníkóríko fún un, ìyàwó ẹ̀ ò ní lo oṣù kan. Ilé tí ọmọ yín ò lè gbé, kí ló dé tí ọmọ ẹlòmíì á fi gbé e?

Ká wá sọ ti omi, torí òun ló ń pa ráńṣì jù. Màlúù kan tó dàgbà lè mu lítà 30 sí 50 lójúmọ́ nígbà ooru. Màlúù 10, lítà 300 sí 500 nìyẹn. Olówó máa ń rántí èyí, á gbẹ́ kànga, á ra táǹkì, á ṣe ọpọ́n símẹ́ǹtì fún màlúù. Táwọn èèyàn ńkọ́? Wọ́n á ní kí wọ́n máa bá màlúù pọn nínú ọpọ́n kan náà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fa páìpù kan sọ́tọ̀ lọ sílé. Ibi tẹ́ ẹ bá sì máa gbẹ́ kànga sí, kó wà lápá òkè ibi tí màlúù ń sùn, kí ìtọ̀ àti ìgbẹ́ wọn má baà máa ṣàn wọnú ẹ̀ nígbà òjò. Tí ilẹ̀ yín bá wà lápá Ẹ̀pẹ́ níbi tí omi ò jìnnà sókè, ẹ ṣọ́ra gidigidi, ìdọ̀tí tètè ń dé omi bẹ́ẹ̀. Apá ibẹ̀ náà, igbó àti omi pọ̀, ẹ bèèrè nípa eṣinṣin tsetse tó ń fa sùnrunsùnrun kẹ́ ẹ tó yan irú màlúù. N'Dama àti Muturu máa ń fara da àrùn yẹn ju White Fulani lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò tóbi tó o.

Ilé: yàrá méjì tí ilẹ̀ ẹ̀ jẹ́ símẹ́ǹtì, ilé ìdáná tí èéfín ń ráyè jáde nínú ẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, iná sólà kékeré kan. Kó má fara kan ibi tí màlúù ń sùn, nítorí eṣinṣin àti eégbọn, ṣùgbọ́n kó má jìnnà débi tí wọn ò ní gbọ́ tí màlúù bá ké lóru. Ẹni tó bá ti gbé ilé tí yàrá kọjú sí yàrá ní Ìsàlẹ̀ Èkó mọ ohun tí baálùwẹ̀ kan ṣoṣo fún ogún èèyàn ń fojú èèyàn rí. Ẹ má gbé e lọ sóko.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún àwọn tó wà níbẹ̀ kí wọ́n máa se mílíìkì kó hó dáadáa kí ọmọdé tó mu ún. Ikọ́ ẹ̀gbẹ wà lára màlúù, àrùn kan tún wà tí dókítà ń pè ní brucellosis. Lára màlúù, ẹ máa rí i pé oyún ń wálẹ̀. Lára èèyàn, ibà tí kò lọ bọ̀rọ̀ ni, oríkèé á máa ro ó, wọ́n á máa lo oògùn ibà láìmọ̀ pé ibòmíràn ni ọ̀rọ̀ wà. Tí oyún màlúù bá wálẹ̀, kí aláboyún má fọwọ́ kàn án rárá. Kí ẹni tó máa palẹ̀ ẹ̀ mọ́ wọ ìbọ̀wọ́, kí wọ́n rì í mọ́lẹ̀ jìn, kí ajá má baà hú u, kí wọ́n sì pe dókítà ẹran. Ẹ̀yin náà, tẹ́ ẹ bá wá kí wọn lópin ọ̀sẹ̀, ẹ má kó mílíìkì tútù sínú kúlà padà wá fún àwọn ọmọ yín nílé pé ojúlówó ni. Ẹ sè é.

Ní ti iléèwé, láti 1989 ni òfin ti dá àjọ kan sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ darandaran, iléèwé wọn sì wà láwọn ibì kan. Ṣùgbọ́n òfin ò ní gbé ọmọ kọjá odò. Kẹ́ ẹ tó sanwó ilẹ̀, ẹ fẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ dé iléèwé tó súnmọ́ ọn jù. Ẹ̀yin gan-an o, kẹ́ ẹ má rán ajẹ́ńtì. Tó bá jẹ́ wákàtí kan ààbọ̀, ọmọ ò ní lọ, màlúù ni wọ́n máa ní kó máa ṣọ́. A sì mọ̀ pé inú olówó mìíràn ń dùn sí ìyẹn: ó gba ẹnì kan síṣẹ́, èèyàn mẹ́rin ló ń ṣe é fún un, owó ẹnì kan ló ń san. Ìwà tí kò dáa ni. Tí ọmọ bá máa fún mílíìkì láàárọ̀ kó tó lọ síléèwé, kò burú, ọmọ tiwa náà ń gba èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n kó lọ síléèwé.

Nígbà tí màlúù bá kú ni ìjà máa ń dé. Olówó wà ní Bàlógun, wọ́n pè é pé màlúù kan kú lóru, wọ́n ti pa á kí ẹran má baà ṣòfò. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé wọ́n tà á. Nígbà mìíràn wọ́n tà á lóòótọ́. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé látìbẹ̀rẹ̀: nọ́ńbà wà létí màlúù kọ̀ọ̀kan, tí ọ̀kan bá ṣàìsàn, kí wọ́n ya fọ́tò ẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà yẹn lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ kọ koríko, kó má jẹ́ lọ́jọ́ tó kú. Kẹ́ni kẹ́ni má sì jẹ màlúù tó ṣubú kú lójijì tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde nímú tàbí nídìí ẹ̀. Kí wọ́n má dú u, kí wọ́n má bó o, kí wọ́n pe dókítà ẹran. Ní 2023 anthrax wọ oko ẹran kan ní Sùlẹ́jà, àrùn yẹn ń pa èèyàn náà. Inú ìwé yìí kan náà ni kẹ́ ẹ kọ owó oṣù sí, àti ẹni tó ni mílíìkì. Kí ìyàwó jókòó níbẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń kà á, kí wọ́n túmọ̀ ẹ̀ fún un lédè tó gbọ́.

Ohun tí àwa máa ń dá lábàá nípa mílíìkì ni pé níwọ̀n ìgbà tí màlúù tó ń fún wàrà kò bá tíì tó 10 lẹ́ẹ̀kan náà, kẹ́ ẹ fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ fún obìnrin ilé náà, kẹ́ ẹ kàn fojú sí ara àwọn ọmọ màlúù. Lápá Ìsẹ́yìn àti Fáṣọlá, FrieslandCampina WAMCO ń ra mílíìkì tútù lọ́wọ́ àwọn Fúlàní. Tó bá jẹ́ ibẹ̀ ni tiyín ń lọ, ẹ bèèrè orúkọ ẹni tí owó ń wọ àpò ẹ̀. Tí ọdún kẹta bá sì pé tí gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa, ẹ fún wọn ní abo kan tó jẹ́ tiwọn láàárín agbo yín. Àwọn kan á ní a ti ń ṣe àánú jù. Ẹni tó ní màlúù tiẹ̀ nínú agbo kì í sùn tí olè bá dé.

Ẹni tí kò bá lè ṣe gbogbo èyí, kó má ra màlúù. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Abo àgùntàn méjì lọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí tó ń gbé Ìkòròdú, oṣù márùn-ún péré ni wọ́n fi ń lóyún. Ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára PPR fún wọn, ẹ bá onílé ṣe àdéhùn ọmọ bí ẹ ṣe máa ń ṣe é, ó tó bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti ní ilẹ̀, ẹ gbẹ́ kànga lóṣù Kejì sí oṣù Kẹta nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ mú gan-an, torí kànga tó lómi nígbà yẹn á lómi ní gbogbo ọdún. Ẹ kọ́ ilé kí òjò tó dé. Kí ìdílé wọlé ní bí oṣù méjì ṣáájú màlúù, kí wọ́n gbin ilá, ata àti ẹ̀fọ́ tiwọn, kí wọ́n mọ ọ̀nà ọjà àti ọ̀nà ọsibítù. Kí ìyàwó sì bá yín lọ tọ́ka sí ibi tó fẹ́ kí ilé ìdáná wà, kí bíríkìlà tó gbẹ́ ìpìlẹ̀.